Eyín ni mò ń gé, oríkèé ló ń dun ehoro náà

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 kan ló sọ ehoro rẹ̀ ní Òwú, torí pé ó funfun báláú. Abo ehoro ni, ọmọ ọdún 5, irú èyí tí etí rẹ̀ kì í dúró ṣánṣán, tó máa ń rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú méjèèjì. Ọmọ Abẹ́òkúta ni ìyá ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ni, ní ìlú kan ní àríwá England, níbi tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ dókítà ẹranko. Nígbà tó gbé àpótí Òwú ka orí tábìlì mi, kò sọ pé ehoro òun kò jẹun. Ohun tó sọ ni pé: "Dókítà, ó ń jẹun o. Ẹ ṣáà wo bó ṣe ń jẹ ẹ́."

Mo ju koríko gbígbẹ díẹ̀ sí i. Òwú sáré dé ìdí rẹ̀. Ó fi ètè he ọ̀pá koríko kan, ó rún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró, ó dorí kọ apá kan, ó tún rún un lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá koríko náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ti rin gbingbin fún itọ́. Ó tún he òmíràn. Bákan náà. Ẹranko tí oúnjẹ kò wù kì í ṣe báyìí. Ebi ń pa á, ó fẹ́ jẹ, nǹkan kan ni kò jẹ́ kó lè lọ ohun tó fi sẹ́nu. Àgbọ̀n ehoro tí ara rẹ̀ dá lè lọ oúnjẹ tó ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ilé bá parọ́rọ́, wàá gbọ́ ọ. Ti Òwú kò tó ogún.

Kó tó di ọjọ́ yẹn, wọ́n ti gé eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbòmíràn láàárín oṣù mẹ́ta. Èmi ni mo gé e ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìdí wà tí mo fi gé e. Eyín ehoro jẹ́ 28, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dẹ́kun àtihù títí ẹranko náà fi máa kú. Ti iwájú nìkan ń hù tó nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ́sẹ̀. Koríko tí ehoro ń lọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń yún wọn jẹ. Bí kò bá lọ ọ́ bó ṣe yẹ, etí eyín ẹ̀yìn á yọ ṣóńṣó: ti ìsàlẹ̀ á máa gún ahọ́n, ti òkè á máa gún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Òwú yọ ṣóńṣó lóòótọ́, egbò kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ fá a dọ́gba, mo fún un ní oògùn ìrora, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ó jẹun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin péré.

Apá ọ̀tún nìkan ni eyín náà ti yọ ṣóńṣó. Mo rí i, mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, n kò sì bi ara mi léèrè ìdí. Etí eyín iwájú rẹ̀ náà ti dagun bí òrùlé, apá kan gùn ju èkejì lọ. Mo gé ìyẹn náà dọ́gba. Eyín tó dagun báyẹn ń sọ fún dókítà pé àgbọ̀n yìí ti ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣiṣẹ́ tipẹ́. Ó yẹ kí n béèrè pé kí ló dé tó fi ń ṣá ẹ̀gbẹ́ kejì tì. N kò béèrè, Òwú sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ ìyà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà wá, kílò 2.1 ló wọ̀n. 2.4 ni tẹ́lẹ̀. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tutù, irun ibẹ̀ ti ń re. Kóró ìgbẹ́ tó wà nínú àpótí rẹ̀ ti kéré, kò sì pọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí n kò kọ́kọ́ wo ẹnu. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ìka ọwọ́ méjèèjì tọ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti abẹ́ ojú lọ sẹ́yìn, títí mo fi dé ibi tí eegun náà ti parí níwájú ìdí etí. Lápá òsì, ìka mi bọ́ sínú kòtò kékeré tó máa ń wà níbẹ̀. Lápá ọ̀tún, kòtò náà ti dí. Nǹkan kan wú síbẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ó le, kò sì ṣeé yí lábẹ́ awọ. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, Òwú fa orí sẹ́yìn, ó payín keke. Ìró yẹn yàtọ̀ sí èyí tí ehoro ń fi eyín ṣe nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ pa á lórí tó sì ń gbádùn rẹ̀. Ìrora ni. Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ apá yẹn ti rù, eegun abẹ́ rẹ̀ ti hàn sí ọwọ́. Nínú etí ọ̀tún, ìdọ̀tí funfun kan tó ki bí ògì tó sun wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Kí lẹ rí, Dókítà?"

"Mà, kì í ṣe eyín. Oríkèé àgbọ̀n ni. Ó sì yẹ kí n ti fọwọ́ kàn án níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ ti wá rí i báyìí, kí ló kù ká ṣe?"

Kí n tó sọ ohun tí a ṣe, ó dára kí ẹni tó ń kà á mọ bí oríkèé yìí ṣe rí, torí pé kò jọ ti àwọn ẹranko tí a mọ̀ jù. Àgbọ̀n ajá àti ti ológbò dà bí àlùmọ́gàjí: ó ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń gé ẹran. Orí eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wọn tẹ́ sí ìbú bí ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi dábùú, ó sì wọ inú kòtò tó ní ògiri eegun lẹ́yìn. Ògiri yẹn ni kò jẹ́ kó yọ̀ sẹ́yìn. Ọlọ ni ti ehoro. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá àgbà tó ń lọ ata rí mọ̀ pé ọmọ ọlọ kì í gbé ojú kan: ó ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, ó ń yà sí ẹ̀gbẹ́, ìyá ọlọ á sì dúró gbọin lábẹ́ rẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ ló kàn yípo nínú ẹnu ehoro; ti òkè ló dúró, ti ìsàlẹ̀ ló ń rìn.

Gbogbo ohun tó wà nínú oríkèé náà ló jẹ́ kí ìrìn yẹn ṣeé ṣe. Orí eegun àgbọ̀n ehoro gùn láti iwájú lọ sẹ́yìn, kò fẹ̀. Kòtò tó ń gbà á wà lábẹ́ gbòǹgbò eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò jìn, kò sì sí ògiri kankan lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà orí eegun náà ráyè yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Láàárín eegun méjèèjì ni tìmùtìmù oríkèé wà, ohun pẹlẹbẹ kan tó yi bí rọ́bà, tó nípọn níwájú àti lẹ́yìn tó sì fẹ́lẹ́ láàárín. Oríkèé náà tún ga ju ìlà eyín lọ dáadáa. Gíga yẹn ló ń mú kí gbogbo eyín ẹ̀yìn òkè àti ìsàlẹ̀ kanra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú eyín, ti ẹ̀yìn ni ì bá máa kọ́kọ́ kanra, bíi ti àlùmọ́gàjí. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sì kéré ní ìbú ju ti òkè lọ, ìdí nìyẹn tí ehoro kì í fi lọ oúnjẹ lápá méjèèjì nígbà kan náà. Ẹran tó ń ti ọmọ ọlọ náà ni ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tóbi, ó lágbára. Ẹran ẹ̀bátí tó jẹ́ agbára ajá kéré gan-an lára ehoro.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọyún bá wọ inú irú oríkèé bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọmọ ọlọ bá yí ló ń fi orí eegun ha ibi tó ń ro. Ehoro á sá fún ẹ̀gbẹ́ náà, eyín ẹ̀gbẹ́ náà kò ní rí koríko tó máa yún un, á sì yọ ṣóńṣó. Dókítà á la ẹnu, á rí ṣóńṣó, á gé e. Èmi ni dókítà yẹn.

X-ray la kọ́kọ́ yà. A kùn ún lóorun díẹ̀, torí ehoro tó bá ta nígbà tí wọ́n dì í mú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ̀yìn. Eegun rẹ̀ fúyẹ́, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lágbára ju eegun lọ. Ọ̀nà márùn-ún là ń gbà ya orí ehoro: láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ tó dagun díẹ̀ sí ọ̀tún, èyí tó dagun sí òsì, àti láti iwájú imú. Nínú èyí tó wá láti ẹ̀gbẹ́, oríkèé méjèèjì gun orí ara wọn, o kò ní mọ èyí tó ń ṣàìsàn. Nínú èyí tó wá láti òkè, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìsàlẹ̀ agbárí bò wọ́n. Èyí tó wá láti iwájú imú ló sọ̀rọ̀. A tẹ́ Òwú sí ẹ̀yìn, a gbé imú rẹ̀ sókè kọjú sí ẹ̀rọ, oríkèé méjèèjì sì yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí kókó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ti òsì mọ́lẹ̀ kedere, etí rẹ̀ dán. Ti ọ̀tún ṣú, etí rẹ̀ rí jágajàga bí ohun tí eku jẹ, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti kòtò sì ti fẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn dókítà ẹranko tó ń kà mí nílé mọ̀ pé àwòrán yìí kò gba ohun èlò kankan ju X-ray lásán lọ. Ẹni tó bá ń ya ti ẹ̀gbẹ́ nìkan fún ehoro tó ń da itọ́ á máa rí eyín, kò ní rí oríkèé láéláé.

CT ló jẹ́ ká mọ ibi tí iṣẹ́ abẹ lè dé. Ẹ̀rọ náà ń pín orí sí awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò tó mìlímítà kan, kò sì sí eegun tó ń bo òmíràn mọ́. A yà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan lásán, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí a ti fún un ní oògùn tó ní iodine nínú láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ etí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń dé á tàn. Ọyún kò ní tàn, torí ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú rẹ̀. Ohun tó yọ síta ni òrùka tó tàn yí ibi dúdú kan ká. Orí eegun àgbọ̀n ọ̀tún wà nínú òrùka náà, àrùn ti jẹ ìdá mẹ́ta rẹ̀. Kòtò òkè ti ha, kò tíì lu. Ìyẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, torí ọpọlọ ni ó wà lókè ibẹ̀. Lẹ́yìn òrùka náà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tàn bákan náà so ó pọ̀ mọ́ ìdí ihò etí. Eegun róbótó tó wà nínú etí lọ́hùn-ún kún fún afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, ọyún kò tíì dé ibẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ orísun rẹ̀. Àwọn ehoro tí etí wọn rọ̀ sílẹ̀ ní ìṣòro kan tí ẹwà wọn fi pamọ́: ihò etí wọn ká níbi tó ti rọ̀, ó há, ìdọ̀tí etí kò rọ́nà jáde, ó ń kó jọ sí àpò kékeré kan nísàlẹ̀. Bí àpò yẹn bá kún tó bẹ́, oríkèé àgbọ̀n ni aládùúgbò rẹ̀ níwájú. Èèyàn ló ṣa irú ehoro bẹ́ẹ̀ bí títí etí náà fi rí bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rí i.

MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ì bá fi tìmùtìmù oríkèé náà hàn, èyí tí CT kò lè ṣe dáadáa. A kò yà á. Tìmùtìmù tó wà nínú ọyún kò ṣeé gbà là, yíyọ la máa yọ ọ́. (Ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa oríkèé ehoro wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí oríkèé èèyàn, tìmùtìmù tirẹ̀ jọ tiwa débi pé ehoro ni wọ́n sábà máa ń lò.)

Mo jókòó pẹ̀lú Ìyá Òwú, bí a ṣe ń pè é nílé ìwòsàn, mo gbé àwòrán náà sí iwájú rẹ̀. Mo ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. A lè fún Òwú ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kó sùn lọ, kò sí ẹni tó máa dá wọn lẹ́bi. A lè máa fún un ní oògùn. Àmọ́ ọyún ehoro kì í ṣàn bíi tiwa, ó ń ki bíi wàrà tó ti dì, awọ líle á yí i ká, oògùn kò sì ní wọ inú rẹ̀. A sì lè ṣí ibẹ̀, ká yọ orí eegun náà pẹ̀lú gbogbo àpò ọyún. Ó béèrè ìbéèrè tí dókítà púpọ̀ kì í béèrè: "Bí ẹ bá yọ orí eegun kan, kí ló máa gbé àgbọ̀n náà dúró?"

Mo sọ fún un pé ẹran ni. Orí eegun òsì á wà, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa fà á, àpá líle á sì hù sí ibi tí a ti yọ èyí tó bàjẹ́, á máa ṣe bí oríkèé. Ohun tí n kò lè ṣèlérí ni pé eyín á máa kanra déédéé. Àgbọ̀n sábà máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ṣe, ó sì ṣeé ṣe kí Òwú máa wá gé eyín títí ayé rẹ̀. Ó pe bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lójú mi, ẹni tó ti sin ehoro fún títà rí. N kò gbọ́ ohun tí bàbá náà sọ. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣe é."

A kò ṣe é lọ́jọ́ náà. Ehoro tí kò jẹun kò yẹ fún abẹ. Ìfun rẹ̀ á dúró, ọ̀rá á sì kó sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Fún ọjọ́ méjì a ń fi síríǹjì fún un ní oúnjẹ oníyẹ̀fun koríko tí a pò mọ́ omi, a ń fún un ní omi sábẹ́ awọ, a ń fún un ní meloxicam àti buprenorphine fún ìrora. Penicillin tí a fún un, abẹ́rẹ́ ni. Mo ní láti dúró síbí díẹ̀, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Ẹ má ṣe tú kápúsù amoxicillin tàbí Ampiclox sínú omi ehoro. Bí irú oògùn yẹn bá gba ẹnu wọlé, ó ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń bá ehoro da koríko nínú ìfun, èyí tó burú á gbilẹ̀ dípò wọn, ìgbẹ́ gbuuru á sì pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oògùn kan náà tó wo ọmọ sàn lè pa odindi ilé ehoro run.

Ní àárọ̀ iṣẹ́ abẹ, a kò fi ebi pa á. Ehoro kì í bì, kò nílò pé kí inú rẹ̀ ṣófo. A kàn fi omi ṣan ẹnu rẹ̀ kí koríko má bàa bá atẹ́gùn wọ ọ̀fun. Lẹ́yìn tó sùn tán pátápátá, mo gbìyànjú láti la ẹnu rẹ̀. Kò là kọjá ibi tó ń là dé nígbà tó wà lójúfò. Oorun ń mú ìrora kúrò, kì í tú oríkèé tó ti dì. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ la fi wá ọ̀nà ọ̀fun tí a fi ti páìpù atẹ́gùn bọ̀ ọ́.

Mo gé awọ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ní etí ìsàlẹ̀ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, láti ẹ̀yìn igun ojú dé iwájú etí. Awọ ehoro fẹ́lẹ́ bíi ti àlùbọ́sà, bí o bá fà á ju bó ṣe yẹ lọ á ya. Lábẹ́ rẹ̀ ni ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù wà. Iṣan tí ọpọlọ fi ń rán ojú níṣẹ́ ń jáde láti ìdí etí, ó sì pín: ẹ̀ka tó ń lọ sí ìpéǹpéjú gba òkè lórí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn tó ń lọ sí ètè àti imú sùn lórí ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀. Wọ́n funfun, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ. Àárín wọn ni ọ̀nà wà, kò fẹ̀ ju orí ìka kékeré lọ. Mo fi gíláàsì amúnǹkan-tóbi wá wọn títí mo fi rí méjèèjì kí n tó gé ohunkóhun mìíràn. Ẹṣẹ́ itọ́ tó wà ní ìdí etí, mo rọra tì í sẹ́yìn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tó dábùú ojú ń kọjá nítòsí oríkèé nísàlẹ̀. Mo so ó kó tó di wàhálà.

Lẹ́yìn náà mo ṣí ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò lára etí eegun, mo tì í sísàlẹ̀. Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ehoro ní ìrù kékeré kan tó nà sẹ́yìn, ó sì bo oríkèé díẹ̀. Mo fá díẹ̀ kúrò ní etí rẹ̀ kí n lè ríran. Àpò oríkèé wú síta bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Mo fi ọ̀bẹ kàn án, ọyún sì yọ jáde, funfun, ó ki, kò ṣàn. Ṣíbí kékeré ni mo fi ń bù ú. Èyí tí a fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ara awọ tó yí ọyún náà ká ni mo ti gé e, torí àárín ọyún ehoro sábà máa ń jẹ́ òkú lásán, kòkòrò tó wà láàyè ń gbé lára ògiri.

Ọrùn eegun ló kù. Ẹ̀rọ tó ń yí, irú èyí tí àwọn dókítà eyín ń lò, ni mo fi gé e, wọ́n sì ń da omi iyọ̀ sí i kó má bàa gbóná jó eegun. Ẹ̀gbẹ́ ìta rọrùn. Ẹ̀gbẹ́ inú ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ń gbà kọjá, àti iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára wá láti àgbọ̀n, níwájú sì ni agbada ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ehoro, tó tóbi ju bí èèyàn ṣe máa rò lọ. Nítorí náà n kò gé eegun náà já. Mo gé e títí ó fi ku ògiri fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin lápá inú, mo wá fi irin pẹlẹbẹ kan ṣẹ́ ẹ. Ó ṣẹ́. Bí mo ṣe ń gbé e jáde, awọ àpò ọyún fà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dúdú sì kún ojú ihò náà láìsí ìró.

Ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ń kún jẹ́ẹ́ sàn ju pupa tó ń tu lọ, àmọ́ gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára Òwú kò ju nǹkan bíi mìlílítà 120 lọ. Mo ki gọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, mo ní kí nọ́ọ̀sì wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún. N kò ṣí i wò láàárín rẹ̀, bó tilẹ̀ ń ṣe mí bíi kí n ṣí i. Nígbà tí mo yọ ọ́, ó ti dá. A wọn gbogbo gọ́ọ̀sì tó ti mu ẹ̀jẹ̀: gíráàmù 7 ju bí wọ́n ṣe wọ̀n nígbà tí wọ́n gbẹ lọ, ìyẹn nǹkan bíi mìlílítà 7. Òwú lè fara dà á.

Mo yọ tìmùtìmù tó ti ya, mo ha kòtò òkè fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, mo tọ okùn ọyún náà dé ìdí etí, mo yọ àpò tó wà níbẹ̀, mo fọ gbogbo rẹ̀, mo da ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà sí àyè rẹ̀, mo rán an. Orí eegun tí mo yọ wà nínú àwo irin, kò gùn ju hóró ìrẹsì kan lọ.

Nígbà tó jí, ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ṣẹ́. Mo ti rí iṣan náà, n kò gé e. Fífà ni mo fà á nígbà tí mo ń wá ààyè. A ń fi òróró ojú sí i ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin kó má bàa gbẹ, Ìyá Òwú sì ń bá a lọ nílé, òun àti ọmọ rẹ̀ ń pín òru. Ọjọ́ 9 ló gbà kí ìpéǹpéjú náà tó padà pa dé. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ rí i, ó sì ránṣẹ́ fídíò sí mi ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Ní ọjọ́ kejì Òwú jẹ ewé parsley. Ní ọjọ́ karùn-ún ó jẹ koríko gbígbẹ, kò sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èsì àyẹ̀wò fi hàn pé Pasteurella multocida ni, kòkòrò tó wọ́pọ̀ nínú imú àti etí ehoro, penicillin sì lè pa á; a ń gún un lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àgbọ̀n rẹ̀ yà sí ọ̀tún bí mo ṣe sọ. Eyín iwájú kò kanra dáadáa mọ́, a ń fi ẹ̀rọ gé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń gé èékánná, torí ìyẹn máa ń la eyín dé gbòǹgbò.

CT tí a tún yà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò fi òrùka kankan hàn. Ẹnu ọrùn eegun tí mo gé ti dán, ó ti yípo, àlàfo kékeré sì wà láàárín rẹ̀ àti kòtò, tí àpá ti kún. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin di mẹ́fà, mẹ́fà di mẹ́jọ, torí pé bó ṣe ń lọ koríko sí i ló ń yún eyín ara rẹ̀ jẹ.

Nígbà tí wọ́n gbé e wá gbẹ̀yìn, kílò 2.4 ló wọ̀n. Mo fọwọ́ kan kòtò iwájú etí méjèèjì, mo wo etí, mo wá la ẹnu. Lẹ́yìn náà mo ju koríko sí i, mo sì tẹ aago fóònù mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ọn, ó ń kà á sókè pẹ̀lú mi. Kíkà náà dàrú mọ́ ọn lójú ní nǹkan bí àádọ́ta. Èmi kà á dé òpin ìṣẹ́jú náà: 104.